Ṣé kí n sáré gba owó àjọ mi kí ariwo tó ta?

Lẹ́tà yìí wá láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan lọ́jà Ọ̀yìngbò. Mo gé e kúrú díẹ̀, n ò fi nǹkan kan kún un.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ àti gaàrí ni mò ń tà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń dá àjọ lọ́dọ̀ Bàbá Alájọ wa. ₦2,000 ni mò ń dá lójúmọ́. Káàdì mẹ́sàn-án ló ti kún lọ́dún yìí, mi ò sì tíì gba kọ́bọ̀, torí mo fẹ́ kó o lápapọ̀ tí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Gbogbo ọjà la mọ̀ pé ìyàwó Bàbá ṣe iṣẹ́ abẹ láìpẹ́ yìí. Àbúrò mi kan ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ògiri ló là wọ́n láàárín. Ó ní òun gbọ́ lóru tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn pé owó ọjà làwọn fi ṣe é, àwọn ò sì mọ bí àwọn ṣe máa dá a padà. Ó fi mí búra pé n ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Àǹtí, mo ti wá mọ̀ báyìí pé owó wa ti bọ́, mi ò lè sùn mọ́. Ṣé kí n rọra lọ gba tèmi kí ariwo tó ta? Ìyá Aláta tá a jọ wà lójú kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilẹ̀, ó fẹ́ kó ₦300,000 fún Bàbá kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀. Bó bá bi mí léèrè, ṣé kí n purọ́ ni? Àbí kí n dákẹ́, kó má jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́? Èmi ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́."

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ kú ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dà pọ̀, bí ìgbà téèyàn da gaàrí Ìjẹ̀bú àti gaàrí olépo sínú igbá kan. Ẹ jẹ́ ká ṣà wọ́n.

Ẹ ní ẹ "ti wá mọ̀". Ẹ ò mọ̀ o. Wọ́n sọ fún yín ni. Àbúrò yín gan-an ò rí nǹkan kan, etí ló fi gbọ́ ọ, lóru, láti ẹ̀yìn ògiri. Èdè wa ò kó nǹkan méjì yìí pọ̀ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n bi wọ́n ní ohun tí "mọ̀" àti "gbà gbọ́" jẹ́ gan-an. Ìwé tí wọ́n kọ lórí ẹ̀ jáde ní 1986. Ìdáhùn àwọn àgbà náà le: ohun téèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn ni ìmọ̀. Èyí tí ẹlòmíì sọ, tá a gbà, tá a sì gbọ́, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kẹ́ni tó sọ ọ́ ṣeé fọkàn tán tó. Ohun tí rédíò wí wà níbẹ̀, ohun tá a kà nínú ìwé wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín wà níbẹ̀.

Ẹ tún wá wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀: "owó ọjà". Ó lè jẹ́ owó àjọ yín. Ó lè jẹ́ owó tí Bàbá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti ń pé. Ó lè jẹ́ owó iṣẹ́ wọn, ìyẹn ojú kìíní lórí káàdì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ tiwọn lọ́nà ẹ̀tọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n ń pè ní àgbà òṣìkà. Nínú tiyín, ẹjọ́ ẹnì kan náà ò tíì pé, ìdajì rẹ̀ lẹ gbọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ àbúrò yín nù. Ẹni tó gbóòórùn èéfín ò tíì rí iná, ṣùgbọ́n kò yẹ kó yí padà sùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ yìí tó láti gbé yín dìde lọ wo nǹkan. Kò tó láti fi pe Bàbá lólè, kò sì tó láti fi sáré.

Eré yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ojú 31 ló wà lórí káàdì, ẹ ń dá ₦2,000, ojú kan jẹ́ ti alájọ, ó ku ₦60,000. Káàdì mẹ́sàn-án, ₦540,000. Tiyín ni. Ẹ fi ẹ̀yìn ru àpò èlùbọ́ kí ẹ tó rí i, kò sẹ́ni tó máa bá yín du ú.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ ni àbúrò yín sọ, owó yẹn ò sí níbì kankan mọ́. Ó ti lọ sílé ìwòsàn. Tẹ́ ẹ bá wá dúró ti Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka tiyín fún yín, níbo ni wọ́n ti máa mú un? Nínú báàgì aláwọ̀ tó wà léjìká wọn yẹn ni. Kí ló sì wà nínú báàgì? Èyí tí Ìyá Aláta dá láàárọ̀ yẹn, tó ṣì ń rùn ata. ₦500 ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. ₦1,000 ọmọ tó ń ru omi inú ọ̀rá kiri. Ẹ máa kà á, á pé, ẹ máa dì í mọ́ ìgbànú, ẹ ó sì ṣọpẹ́. Owó aláta lẹ dì mọ́ ìgbànú yẹn. Tiyín ti di òwú ìránṣọ́ nínú ikùn ẹlòmíì.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ fún yín pé "gba ẹ̀tọ́ rẹ" kí n sì lọ jókòó. Gbígba owó àjọ ẹni ò burú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àǹfààní rẹ̀ ò lè jẹ́ tiyín àfi bí àwọn tó kù ò bá mọ̀. Ẹ fi èyí dán ọ̀rọ̀ náà wò: ṣé ẹ lè gba owó yẹn lójú Ìyá Aláta, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbà á lónìí tí ẹ ò dúró de Kérésìmesì?

Ó kàn mí lára díẹ̀ ni, ẹ má bínú. Kí n tó máa kọ̀wé, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́ ní Ṣùúrùlérè. Alájọ kan máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù wa, ₦20 ni mò ń dá nígbà náà. Ọ̀gá mi gbọ́ nǹkan kan nípa ọkùnrin náà, ó gba tiẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo na ₦20 mi sí alájọ lójú ọ̀gá mi. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń yí òwú mọ́ bọ́bìn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo owó náà, wọ́n sì ń yí òwú lọ. Alájọ ò wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sì wá mọ́ títí dòní. Ọ̀gá mi ò purọ́ kankan fún mi o. N ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ti gbàgbé orúkọ alájọ yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n n ò tíì gbàgbé bọ́bìn.

Ẹ rí i pé mo ti ń dáhùn ìbéèrè kẹta yín. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, kọ ọ́ ní 1797 pé kódà bí apààyàn bá kanlẹ̀kùn, tó ń bèèrè bóyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lé wà nínú ilé, irọ́ ò tọ́. Bó o bá purọ́, ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ yọ, ọrùn rẹ ló wà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí nínú dánfó láti Yábàá dé Ọ̀ṣòdì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì jẹ́ kí n ráyè rò ó dáadáa. N ò gbà fún un. Emi ní tèmi á purọ́ fún apààyàn, màá sì tún fún un ní àdírẹ́sì míì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiyín, kò sí apààyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ ló kanlẹ̀kùn. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa fún un, òun gan-an ló máa pa lára.

Ní ti ìyá ọba tó lájẹ̀ẹ́, òwe yẹn dùn lẹ́nu, mo mọ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kú ní 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí kò jìnnà sí ìsọ̀ yín, ó sì jà fún un pé ìrònú ló wà nínú òwe àti ẹsẹ Ifá, kì í ṣe orin àkọ́sórí. Bó bá jẹ́ ìrònú, a lè bá a jiyàn nìyẹn. Ẹni tó pa òwe yìí ń bẹ̀rù ọba tó lè bẹ́ ẹ lórí. Bàbá Alájọ kì í ṣe ọba. Kí lẹ ń bẹ̀rù?

Ìbẹ̀rù kan wà tó tọ́ ṣá o, ìyẹn ni ariwo. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1948 nípa báńkì tí kò ní àìsàn kankan. Wọ́n parọ́ mọ́ ọn pé ó fẹ́ wó, gbogbo ayé sáré lọ gba owó, eré yẹn ló sì wó o. Alájọ tó jẹ́ olóòótọ́ jù lọ ní Èkó ò lè san owó gbogbo ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ó máa mọ̀ tó bá jẹ́ alájọ ni. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọjà.

Bàbá ni kẹ́ ẹ lọ bá, nílé, lálẹ́, kì í ṣe lójú ọjà. Ẹ kí wọn kú ìnáwó àti kú àìsàn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà, ẹ ò nílò orúkọ àbúrò yín láti fi bèèrè. Ẹ má dá ìtàn owó ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: "Bàbá, ìnáwó yìí pọ̀. Ṣé kò tíì kan owó wa?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ wo ojú wọn. Bí owó bá pé, wọ́n á fi àkọsílẹ̀ hàn yín, ẹ ó sì tọrọ àforíjì, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́, kí wọ́n má gba owó tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì jọ lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, kí wọ́n to bí wọ́n á ṣe máa san án, kí tolówó àti ti tálákà máa jáde díẹ̀díẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ fún wọn dọjọ́ kan, kẹ́ ẹ sì dá lọ bá ìyálọ́jà. Nígbà náà, kì í ṣe ohun tí àbúrò yín gbọ́ lẹ máa sọ. Ohun tí ojú tiyín rí ni. Ìbúra yín ò sì tíì yẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò àwọn káàdì yín sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kó wọn dání.

Ìyá Aláta ò lè dúró de gbogbo ìyẹn. Láàárọ̀ ọ̀la, kí Bàbá tó dé ojú ìsọ̀ yín, ẹ fà á sẹ́yìn: "Jọ̀ọ́, má tíì kó owó ilẹ̀ yẹn fún wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bi Bàbá ná. Fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó máa fẹ́ mọ̀ sí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ò tíì mọ̀.