Ìlù rédíò kò bú Olúbàdàn

Ìwọ tó béèrè ìtumọ̀ "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" tí wọ́n ní ìlù rédíò àtijọ́ máa ń sọ, ìbéèrè rẹ dára. Ìdáhùn tí wọ́n fún ọ ló bí mi nínú. Wọ́n ní òwe àtayébáyé ni, pé àwọn onílù ìlú mìíràn ló ń fi bú Ìbàdàn. Irọ́ gbuu!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àtayébáyé yẹn kúrò nílẹ̀. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn títí di 1936, kó tó di Olúbàdàn. Báwo ni òwe ṣe fẹ́ dàgbà ju orúkọ tó wà nínú rẹ̀ lọ?

Ohun tí wọ́n ní kí onílù fi ìlù sọ ni "This is the Nigerian Broadcasting Service", ìyẹn ni pé, ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà nìyí. Ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ṣáájú rẹ̀, rédífúṣọ̀n ni wọ́n ń gbọ́. Ó dé Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilé-iṣẹ́ ni, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ náà ni wọ́n ń gbọ́, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń wá ilé-iṣẹ́ kiri. Ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ń yí rédíò rẹ̀ lórí shortwave, àárín ariwo ni yóò ti máa wá ohun tó ń wá. Kí ètò sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò tíì lanu. Wọ́n ní láti fi nǹkan dí àlàfo yẹn, kí ẹni tó ń wá wọn lè mọ̀ pé òun ti débẹ̀. BBC fi agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tiwọn. Ìlù ni wọ́n fi ṣe tiwa.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ìlù kò ní kọ́ńsónáńtì, kò ní fáwẹ̀lì; ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí àyàn bá ń ki ọba láàfin, etí wa ti mọ oríkì náà tẹ́lẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń gbé ohùn sókè-sódò, ṣùgbọ́n kì í fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Onílù kàn tẹ̀lé bí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ni. Ìyá ọlọ́jà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ fẹ́ kó fi í ṣe? Etí Yorùbá kì í gbọ́ ìlù kó má wá ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó bá ohùn náà mu, wọ́n sì rí i: b'Ó-lú-bà-dàn-bá-kú-ta-ni-ó-jo-yè. Onílù kọ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ni, bóyá àwọn ọmọdé gan-an.

Ẹ ń béèrè ẹ̀rí? Ẹ wo "kú" tó wà níbẹ̀. Ilé àyàn ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ àyàn wo ló máa sọ pé ọba kú? Ọba a máa wàjà! Ẹ̀wẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í ṣe àdììtú n'Íbàdàn. Ìlà oyè méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Ìjòyè ń gùn ún ní ipò kọ̀ọ̀kan, oyè sì ń yí láàárín méjèèjì. Ẹni tó kàn, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé èébú ni wọ́n ń wá, ìlú tí wọ́n ti ń gbé oyè lọ sí kóòtù ni wọn ì bá fi ìlù dárúkọ. Mi ò dárúkọ ìlú kankan o.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ìlù kan náà kò jẹ̀bi. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń gbé orin ìdánimọ̀ jáde nílé-iṣẹ́ FM. Wọ́n á pariwo orúkọ ara wọn àti nọ́ńbà, ó tán. Kò sí iṣẹ́ kankan fún etí mọ́. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ gángan lóde ìyàwó, ijó nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí àyàn kì wọ́n, wọ́n á jó. Bó bú wọn, wọ́n á jó, wọ́n á tún ná owó fún un.