Mo Fọ Ògiri, Mo Kùn Ún, Èbu Tún Padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá méjì la háyà ní Ìkòròdú. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, èbu dúdú ti gba ẹ̀yìn wọ́dúróòbù wa, aṣọ wa sì ń rùn bí mo ṣe ń ju kanfọ̀ sí i tó. Mo ti fi bílíìsì fọ ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ mi kùn ún lọ́dà, ó tún padà. Aládùúgbò wa ní èbu dúdú ló ń pa èèyàn, ká tètè kó jáde. Baba onílé ní àwa la fà á, a kì í ṣí wíńdò. Ọmọ wa kékeré ń húkọ́ lóru. Kí ni ká ṣe? (Ìyá ọlọ́mọ méjì)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yín yìí ni mo sì ń gbọ́ jù lásìkò òjò.

Ọmọ yẹn ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ògiri yàrá tó ń sùn sí bu. Kó máa sùn ní yàrá kejì ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 2009 pé ilé tó ń rin tó sì bu kò dára fún èémí, pàápàá fún ẹni tó ní ásímà.

Ìbátan olú ni èbu. Èso rẹ̀, tó kéré ju kí ojú rí i lọ, ń fò káàkiri nínú atẹ́gùn ilé gbogbo wa. Ṣebí búrẹ́dì tí ẹ dì sínú ọ̀rá náà ń bu, láìjẹ́ pé ẹnì kan gbin nǹkan sí i. Omi ló ń wá. Ibi tó bá ti rin fún ọjọ́ kan sí méjì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀. Ọyẹ́ pàápàá kì í pa á. Ó kàn ń sùn ni, òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí i.

Ìdí nìyẹn tí bílíìsì ò fi ràn yín lọ́wọ́. Àwọ̀ dúdú ló ń bó, ojú á wá mọ́ bí ẹni pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọnú ògiri ṣì wà níbẹ̀, omi tó sì ń bọ́ ọ kò tíì dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ léwu gan-an. Ní ti kanfọ̀, òórùn lásán ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀dà ńkọ́? Wọ́n pè mí sí ilé kan tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fi èékánná ha ògiri, ọ̀dà ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ìpele mẹ́rin, èbu sì wà láàárín wọn. Páìpù balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń jò. Ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí bàbá Awaab Ishak fi ẹjọ́ èbu sun àwọn onílé ní 2017, wọ́n ní kó kùn ún lọ́dà. Ìṣesí ìdílé náà ni wọ́n tún ń di ẹ̀bi rù. Awaab kú ní oṣù December 2020, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ ní 2022 pé èbu tó ń fà símú nínú ilé náà ló fa àìsàn èémí tó pa á. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀dà dá yín lóhùn mọ́.

Ti dúdú tí aládùúgbò yín wí, oríṣiríṣi èbu ló dúdú, ojú lásán kò sì lè sọ èyí tó burú. Funfun ni o, dúdú ni o, ká mú un kúrò ni.

Ní ti baba onílé, ẹ dán èyí wò. Ẹ nu ibì kan lára ògiri náà kó gbẹ, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ọn, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ yíká. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sójú ọ̀rá níhà yàrá, inú ilé ni omi ti ń wá: oúnjẹ tí à ń sè, aṣọ tí à ń sá sínú yàrá, èémí wa. Ẹ fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà, kí ẹ máa ṣí wíńdò nígbà tí òjò bá dá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, ló rin, ẹ̀bi yín kọ́. Inú ògiri lomi wà. Bí iyọ̀ funfun bá tún là nísàlẹ̀ ògiri, tí kò ga ju ìbàdí lọ, ilẹ̀ ló ṣeé ṣe kí omi ti máa fà gòkè. Bó bá jẹ́ lókè, ẹ wo páànù. Bíríkìlà tàbí púlọ́ńbà ló kàn, kì í ṣe pẹ́ńtà.

Lẹ́yìn tí omi bá dúró ni kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ ògiri náà, kí ẹ bo imú, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bí ibi tó bu bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú lóròó, ẹ má dá a ṣe. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rá yẹn lára ògiri, kí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn dáadáa, kí ẹ fi han baba onílé kí ẹ tó san rẹ́ǹtì tó ń bọ̀.