Ṣé ọ̀dà lè mú kí bíréèkì má gbóná mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kálípà ọkọ̀ mi, irin tó di páàdì bíréèkì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ti dípẹtà, kò ṣeé wò mọ́. Tí mo bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, òórùn nǹkan tó ń jó á máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹnì kan ní kí n fi ọ̀dà tí iná kì í ràn kun kálípà náà, pé ooru ò ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Irú ọ̀dà wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ẹwà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lẹ dà pọ̀ mọ́ra yìí. Bíréèkì tó ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ. Wọn á gbé agolo ọ̀dà wá bá mi: “Ọ̀gá, ẹ wo 480 dígírì tí wọ́n kọ sí i lára.” Mo rí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ kò ní jó, kò sì ní bó, títí ooru á fi tó iye yẹn. Wọn ò sọ pé ó ń bá ẹnikẹ́ni lé ooru. Ìkòkò kì í jó lórí iná, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ ń hó.

Àti pé ooru yìí kì í ti ìta wá. Bíréèkì gan-an ló ń dá a. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, páàdì á fún dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, mọ́ àárín, gbogbo agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré á di ooru níbẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kílò, tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ẹ bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ooru tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti mú omi lítà méjì hó. Ẹ sọ eré náà di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Dísìkì ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, atẹ́gùn á sì gbà á lára rẹ̀. Ìyókù á gba ẹ̀yìn páàdì kọjá sára písítìnì tó ń ti páàdì, ibẹ̀ ló ti ń bá òróró bíréèkì, èyí tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín débẹ̀. Níbo ni ọ̀dà wà nínú gbogbo ìrìn yìí? Ẹ̀yìn òde! Kódà, tí ẹ bá kùn ún nípọn bí ẹni ń rẹ́ ògiri, ẹ̀wù lẹ wọ̀ fún un.

Ohun tí mo fura sí ni pé òróró yín ti ń hó. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. DOT 3 tuntun, ọ̀kan lára irú òróró yìí, gbọ́dọ̀ lè fara da ooru tó 205 dígírì kó tó hó. Tó bá ti fa omi, ó lè wálẹ̀ sí 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Tó bá ti hó, ó di atẹ́gùn nínú páìpù, atẹ́gùn sì ṣeé fún pọ̀, òróró ò ṣeé fún. Ẹsẹ̀ yín á kàn lọ kanlẹ̀ ni. Tó bá tutù, á padà le, ẹ ó rò pé ó ti san.

Òórùn yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ páàdì tó gbóná jù, ó sì lè jẹ́ kálípà tó há. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi rí tí táyà iwájú kan ń gbóná ju ìkejì lọ. Òòlù ni mo fi lu píìnì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ kó tó jáde. Ọ̀dà pupa ló bò ó, ó ti gan bí gọ́ọ̀mù. Ẹni tó kùn ún fẹ́ kó tutù ni o.

Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ òróró náà, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ yín sọ. Ẹ má ṣe da DOT 5 pọ̀ mọ́ ọn, sílíkónì ni ìyẹn. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ẹ lò, ẹ má fẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì da omi sí dísìkì tó gbóná, ó lè sán.

Lẹ́yìn èyí, tó bá ṣì wù yín, ẹ kùn ún. Jáàkì nìkan ò tó, ẹ fi irin ìdúró gidi gbé ọkọ̀ ró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ìpẹtà, kí ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún bíréèkì fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù kọ́! Á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Ẹ fi téèpù bo rọ́bà, píìnì, ibi tí páàdì ń jókòó àti dísìkì. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Òróró bíréèkì máa ń bó ọ̀dà, ẹ tètè nù ún tó bá ta sí i.

Mi ò rí ọkọ̀ yín o, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ wò ó. Tó bá ṣì ń rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ òróró, ẹ má wà á lọ síbi kankan. Kí wọ́n wá fà á.