Ẹ Má Tíì Tà Á fún Oníkọndẹ́ẹ̀mù: Ìbéèrè Yín Lórí Àpótí Reverb Onífáàfù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù tó kọjá mo kọ díẹ̀ nípa ámpù onífáàfù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tó ń lo fáàfù, ìyẹn gílóòbù tí wọ́n ń lò kí tíráńsísítọ̀ tó dé), mo sì ní kí ẹni tó bá ní àpótí reverb àtijọ́ nílé, èyí tó ń jẹ́ kí gìtá dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà, kọ̀wé sí mi. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì pọ̀ tó báyìí nílẹ̀ wa. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì máa pẹ́ lórí méjì àkọ́kọ́ torí pé ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó ti dolóògbé máa ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Òǹdó láyé àtijọ́. Nígbà tá à ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ni mo rí àpótí dúdú kan tó wúwo, nọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀, wọ́n kọ Dwell, Mixer àti Tone sí i. Oníkọndẹ́ẹ̀mù kan fẹ́ fi kílò rà á lọ́wọ́ mi. Kí ni nǹkan yìí, ọdún wo ni wọ́n ṣe é, ṣé mo lè tan án wò? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o sọ fún oníkọndẹ́ẹ̀mù yẹn pé o ò tà á mọ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á yọ bàbà inú tíráńsfọ́mà ẹ̀, wọ́n á da ìyókù sórí àkìtàn, ó sì dùn mí gan-an nígbàkígbà tí mo bá rí irú ẹ̀.

Àwọn orúkọ mẹ́ta tó wà lórí nọ́ọ̀bù yẹn ló tú u fó. Ilé-iṣẹ́ Fender, àwọn tó ń ṣe gìtá àti ámpù, ló ṣe irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 6G15 ni nọ́ńbà ẹ̀, ọdún 1961 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1966. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, reverb ò tíì sí nínú ámpù tiwọn, ọdún 1963 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àpótí ọ̀tọ̀: gìtá á wọ inú ẹ̀, òun á wá wọ inú ámpù. Ṣé o ti dúró lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè rí kó o ké, kí àpáta dá ohùn ẹ padà fún ẹ? Gbohùngbohùn nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń padà. Ti reverb ni pé ohùn náà ń padà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń gun ara wọn, bíi ká kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ò sí èèyàn nínú ẹ̀. Àpótí Bàbá ò ní àpáta, sípíríngì ló ní. Fáàfù 12AT7 gba ohùn gìtá wọlé, fáàfù 6K6 á fi agbára tì í gba inú tíráńsfọ́mà kékeré kan, ohùn náà á wá di gbígbọ̀n tó ń gba ara sípíríngì kọjá lọ sí òdìkejì, ibẹ̀ ni kọ́ìlì míì (wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká jọ) ti máa gbà á, fáàfù 7025 á sì gbé e sókè torí pé ó ti rẹlẹ̀ gan-an nígbà tó fi débẹ̀. Dwell ló ń sọ bí ohùn ṣe máa lu sípíríngì le tó, Mixer ló ń sọ bí reverb ṣe máa pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn gìtá gangan, Tone sì ń jẹ́ kó mú tàbí kó rọ̀.

Ti ọdún tí wọ́n ṣe é, má wo àwọ̀ ara ẹ̀ nìkan. Lóòótọ́ wọ́n ṣe aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ṣe funfun ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ṣe dúdú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ awọ ara àpótí. Wo inú. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àpótí tó ń sọ fáàfù tó wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì lè wà lórí ẹ̀ tí wọ́n fi íǹkì tẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọdún: K ni 1961, L ni 1962, M ni 1963, N ni 1964, O ni 1965, P ni 1966. Lẹ́tà kejì ni oṣù, A ni January. Tó o bá rí MF, June 1963 nìyẹn. Ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù náà ní nọ́ńbà: 137 ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ CTS, 304 ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ Stackpole, tó bá wá jẹ́ 137 6318, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 1963 ni wọ́n ṣe nọ́ọ̀bù yẹn. Tíráńsfọ́mà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 606, ilé-iṣẹ́ Schumacher ló ṣe é, ọdún àti ọ̀sẹ̀ ló tẹ̀lé e. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bára mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí nọ́ọ̀bù lè ti wà nínú káńtà wọn fún oṣù bíi mélòó kí wọ́n tó lò ó, ohun tó ń sọ fún ẹ ni pé àpótí náà ò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ohun kan tún wà o: ní 1994 Fender padà ṣe ẹ̀dà ti 1963, ó sì jọ ọ́ gan-an lójú. Tó o bá ṣí i tó o rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ wáyà sí lára bíi ti rédíò ìsinsìnyí, ẹ̀dà nìyẹn. Ti àtijọ́, wáyà aláṣọ ni wọ́n fi ọwọ́ so ó lọ́kọ̀ọ̀kan sára bọ́ọ̀dù onífáíbà dúdú.

Wàyí o, títan. Jọ̀ọ́, má kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì. 117 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, iná tiwa 230 ni, mo ti wà níbì kan tí ẹnì kan ti tan irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan tí èéfín fi bo yàrá, tíráńsfọ́mà ọdún 1964 sì ti lọ. Step-down tó ń sọ 230 di 115 ni kó o rà, 100 wáàtì ti pọ̀ ju ohun tó nílò lọ. Iná tiwa tún jẹ́ 50 hertz, ti wọn 60, nítorí náà tíráńsfọ́mà ẹ̀ á gbóná díẹ̀ ju bó ṣe ń gbóná lọ́dọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, fọwọ́ kàn án níta. Tí ọwọ́ ò bá lè dúró níbẹ̀, pa á. Wáyà oníka méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di oníka mẹ́ta, kí wọ́n de wáyà ilẹ̀ (earth) mọ́ irin ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn ní kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) kékeré kan tó so wáyà iná mọ́ irin, tó bá wà nínú tiẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ dànù, torí ọjọ́ tó bá jó, ẹni tó di gìtá mú ni iná máa gbé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mo ń bójú tó akọrin ìjọ wa ní ìlú Òǹdó. A ní irú àpótí yìí, ó ń tan iná, gìtá ń dún, ṣùgbọ́n ohùn gbẹ ni, reverb ò jáde rárá. Wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ti lọ, kò yí padà. (Ìyá akọrin, Yába, Òǹdó)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú sùúrù. Ó dùn mí pé fáàfù ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, torí pé nínú èyí tó dé ọwọ́ mi, tánkì ló máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn páànù gígùn tí sípíríngì wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣe báyìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ míì: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ yí Mixer sókè, ẹ wá fi ọwọ́ gbá ara àpótí náà díẹ̀. Tí sípíkà bá dún gbìrìgìdì bíi àrá, ó dáa, ìdajì ọ̀nà ṣì ń ṣiṣẹ́, láti ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò nínú sípíríngì títí dé sípíkà. Ìṣòro wà ní ibi tí ohùn ti ń wọlé nìyẹn. Tí ẹ bá gbá a tí kò sọ nǹkan kan, ibi tó ń jáde ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí tẹkiníṣán tú wáyà méjèèjì tó wọ tánkì kó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ibi tó ń wọlé máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ómù kan (ómù ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó), ibi tó ń jáde máa wà ní nǹkan bíi 200. Tí mítà ò bá sọ nǹkan kan ní ọ̀kan nínú wọn, wáyà ti já, ibi tó sì sábà máa ń já ni wáyà tín-ín-rín bí irun tó ti ara kọ́ìlì lọ sí jáàkì. Òjò tiwa yìí, ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ tó rọra àti léèdì díẹ̀ ti tó láti so ó padà, mo ti so púpọ̀ tó ṣì ń dún títí dòní. Kí ó má fa sípíríngì o, tó bá ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Kó má sì tan ẹ̀rọ náà nígbà tí tánkì ò sí lẹ́nu ẹ̀, ó lè ba tíráńsfọ́mà kékeré yẹn jẹ́.

Tí kọ́ìlì bá ti kú pátápátá, tánkì tuntun ṣì wà, 4AB3C1B ni kí ẹ sọ fún oníṣòwò. 4 túmọ̀ sí èyí tó gùn tó íǹṣì mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, sípíríngì méjì. A ni ómù 8 níbi ìwọlé, B ni 2250 níbi ìjáde (ìwọ̀n tí ohùn ń bá pàdé nìyẹn, kì í ṣe iye tí mítà máa sọ), 3 ni pé ohùn ẹ̀ máa pẹ́ kó tó kú, C sọ pé ìjáde ló kan irin, ìwọlé ò kàn án, B tó kẹ́yìn sọ pé ó máa dùbúlẹ̀, ẹnu ẹ̀ á dojú kọlẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀lé 4 yẹn ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Wọ́n lè fún yín ní tánkì tó ní E níbẹ̀, 600 ómù nìyẹn, ó máa wọlé, ó máa bá a mu ní gígùn, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín bíi ẹ̀fọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, tèmi ń kùn hùùù, tí mo bá yí Mixer sókè ló máa ń pọ̀ sí i. (Onígìtá kan, Ìsìnkàn, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ń pọ̀ pẹ̀lú Mixer, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tánkì tàbí fáàfù tó ń gbé e sókè ló ti wá. Yọ wáyà ìjáde kúrò lára tánkì (pa á kó o tó yọ ọ́, má sì yọ ti ìwọlé), tún un tàn. Tó bá dákẹ́, tánkì ló ń gbọ́ tíráńsfọ́mà iná, yí i kí ibi ìjáde ẹ̀ jìnnà sí tíráńsfọ́mà náà, kó o sì pààrọ̀ wáyà tí àbò ẹ̀ ti já. Tó bá ṣì ń kùn, kàpásítọ̀ ńlá ni, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sí ohun tá a fẹ́ bá wọn fà. Ìyẹn ò ṣeé fi sùúrù dúró, pààrọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi rẹsístọ̀ 10 kilo-ohm, 5 wáàtì, fa iná inú wọn jáde, kó sì fi mítà rí i pé ó ti lọ, torí pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa ẹ̀rọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì ṣì lè wà níbẹ̀, ó ń dúró de ìka. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi sukurudíráfà kan án mọ́ irin, iná á fọ́n, ó sì lè ba ohun tó dáa jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí 6K6 rà, ṣé mo lè fi 6V6 rọ́pò ẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan)

ÌDÁHÙN: O lè fi rọ́pò ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn bára mu, kódà 6V6 ni wọ́n fi sí ẹ̀dà 1994 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa lu sípíríngì le díẹ̀ sí i, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dwell nísàlẹ̀, kó o yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Tó o bá rí 6K6 lọ́jọ́ kan, rà á, fi pamọ́ sínú àpótí náà.