Ẹ má tíì kó wọn lọ sórí òṣùpá: bí mo ṣe ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ máàsì àti ìwúwo báyìí

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an, nítorí ojú èmi náà ti rí i. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàsì àti ìwúwo, wọ́n ń ka ìtumọ̀ méjèèjì lórí bí ẹni ń kọrin, síbẹ̀ tí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe wúwo tó, kílò ni wọ́n ń dárúkọ. Tí ẹ bá wá sọ̀rọ̀ dé òfurufú, wọ́n á ní máàsì ti tán lára nǹkan. Ẹ bèèrè pé kí ni ṣíṣe.

Èmi ní kẹ́ ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ fi òṣùpá náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ mọ máàsì, lára ohun tí wọn ò gbé rárá.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ ọ bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ yìí. Màá kọ ọ́ sójú pátákó pé máàsì ni iye ohun tó wà nínú nǹkan, kílò la fi ń sọ ọ́. Ìwúwo ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan náà, níútọ̀nì la fi ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò: ẹ fi 9.8 ṣe ìlọ́po máàsì fún ti ayé, ẹ fi 1.6 ṣe ti òṣùpá. Wọ́n ń gbà á, wọ́n sì ń yege. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọ kan nawọ́ sókè, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ìwúwo ni òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn ń wọ̀n. Kí ló wá dé tí wọ́n kọ kílò sí i lójú?” Mo fèsì ṣá, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi mọ̀ pé èsì náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èsì tó yẹ kí n fún un nìyí. Ohun tó ń tẹ sípíríǹgì inú òṣùwọ̀n yẹn ni agbára tí àtẹ́lẹsẹ̀ wa fi tì í mọ́lẹ̀, níútọ̀nì ni. Àwọn tó ṣe é ti fi nǹkan bí 9.8 pín in kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sójú rẹ̀, torí wọ́n gbà pé orí ilẹ̀ ayé la ó ti lò ó. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kan náà dé òṣùpá, ẹni tó jẹ́ kílò 60 á gùn ún, á rí nǹkan bíi 10. Ara rẹ̀ ò dín, òṣùwọ̀n ló ń sọ ohun tí kò rí. Òṣùwọ̀n alápá méjì ní tirẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òòfà, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, tó bá dín lápá ọ̀tún ti dín bákan náà lápá òsì. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì.

Ẹ má sì bínú sáwọn ọmọ náà. Èdè wa gan-an dá kún un. Ẹrù tó ṣòro gbé, a ní ó wúwo. Ẹrù tó ṣòro tì, tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò gbé, a tún ní ó wúwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ pàápàá ò mọ́ kúrò nínú rẹ̀: ní 1901, àpérò àgbáyé lórí òṣùwọ̀n ní láti fẹnu kò pé máàsì ni kílò dúró fún, pé ìwúwo jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí à ń pè ní agbára. Tó bá jẹ́ pé àwọn àgbà ní láti pàdé kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè ṣì í mú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Mo máa ń wá agolo ńlá méjì tó jọra, tó ní ìdérí. Mo kún ọ̀kan fún yanrìn dẹ́nu, mo fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, mo wá fi okùn gígùn so àwọn méjèèjì rọ̀ láti òkè àjà. Ọmọ kan á dijú, á fi ìka kan ṣoṣo ti ìkíní, á ti ìkejì. Okùn ló gbé agolo, kì í ṣe òun, nítorí náà kò sí ẹrù kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ máa rí i lójú rẹ̀. Òfìfo á fò lọ bí ìgbà téèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí i. Oníyanrìn á dúró, ìka ọmọ náà á tẹ̀ díẹ̀, kí agolo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ. Lẹ́yìn náà ni màá fì wọ́n sí i, kó fi àtẹ́lẹwọ́ dá wọn dúró. Oníyanrìn tó lọ́ra láti gbéra náà ló tún ń lọ́ra láti dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń kọ “máàsì” sójú pátákó, kì í ṣe ṣáájú. Mo ní agídí tí nǹkan ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ yí ìrìn rẹ̀ padà ni máàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “agídí” yìí ń wọ̀ wọ́n létí ju “iye ohun tó wà nínú rẹ̀” lọ, torí “iye ohun” ló ń jẹ́ kí wọ́n rò pé nǹkan tó bá tóbi ni máàsì rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí okùn náà gùn dáadáa, ó kéré tán mítà méjì, kí wọ́n sì tì í díẹ̀ báyìí. Okùn kúkúrú ni mo kọ́kọ́ lò, ọmọ kan sì ní ilẹ̀ ló ń fa agolo náà padà. Òótọ́ ló sọ: bí okùn bá kúrú, tí ẹ tì í jìnnà, òòfà ilẹ̀ á bá yín dá sí i, ẹ̀kọ́ á dàrú.

Tí àyè bá wà, ẹ fi ti ayùn kún un. Ẹ mú abẹ ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, ẹ de ìdí rẹ̀ mọ́ etí tábìlì pinpin, kó lè máa fì sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe sókè sódò. Ẹ lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n ka ìfì 20, kí wọ́n wo aago. Ẹ fi amọ̀ kún un, ó máa falẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń wọn máàsì àwọn tó ń gbé inú òfurufú náà nìyẹn. Láti ìgbà Skylab, ibùdó òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1973 ni wọ́n ti ń jókòó sórí àga onísípíríǹgì tó ń fì síwá sẹ́yìn, tí wọ́n á fi bí ó ṣe ń yára sí mọ kílò wọn. Níbi tí òṣùwọ̀n tí à ń gùn ò ti wúlò fún nǹkan kan, máàsì ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ní ti ìwúwo tó ń yí padà, ẹ ò nílò òṣùpá. Ní 1672, Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, èyí tí irin tó ń fì sọ́tùn-ún sósì ń darí, láti Paris lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ lójúmọ́. Ìlà agbedeméjì ayé ò jìnnà síbẹ̀, òòfà ilẹ̀ sì kéré díẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù náà fi ń fì díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nǹkan tó jẹ́ kílò 100 máa wúwo tó níútọ̀nì 978 ní agbedeméjì ayé, á tó 983 ní ìkángun ayé ní àríwá tàbí gúúsù. Kílò rẹ̀ ò yẹ̀.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù lọ kí n tó rí ọ̀nà ni ti àwọn tó ń léfòó nínú ọkọ̀ òfurufú. Mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ rí pé kò sí òòfà ilẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibùdó òfurufú àgbáyé ò ju nǹkan bí kìlómítà 400 lọ lókè, òòfà ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ilẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ ni, tàwọn tọkọ̀, wọ́n sì ń yí ayé po bí wọ́n ṣe ń já. Ẹ lu ike omi kan níhò ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kí omi máa tú jáde, kẹ́ ẹ wá jù ú sílẹ̀ láti ibi gíga. Bó ṣe ń já bọ̀, omi ò ní jáde mọ́. Ẹ ju ú lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, torí ẹ̀ẹ̀kíní ni wọ́n máa ń wo ibi tí kò yẹ.

Ìwé kan máa sọ pé ìwúwo ni fífà tí ilẹ̀ ń fà wá, òmíràn á ní ohun tí òṣùwọ̀n bá kà ni. Ẹni tó ń léfòó yẹn ní ìwúwo lọ́nà àkọ́kọ́, kò ní lọ́nà kejì. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má sì kúrò lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lèmi mú. Èkejì, “ohun tí òṣùwọ̀n kà” ni mo ń pè é.

Ìbéèrè tí mo fi ń dán wọn wò rèé: agolo méjì tí wọ́n dé pa ń léfòó nínú ọkọ̀ òfurufú, irin wà nínú ọ̀kan, ìyẹ́ wà nínú èkejì, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i. Báwo lẹ ṣe máa mọ ti irin? Nígbà ìdánwò tó kọjá, ọmọbìnrin kan ka ìbéèrè náà tán, ó gbé bíírò sílẹ̀, ó di ọwọ́ bí ẹni mú agolo dání, ó sì ń mi ọwọ́ náà sọ́tùn-ún sósì nínú afẹ́fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.