Ẹ Kọ̀wé Sí Wa: GPS Inú Ọkọ̀, Máàpù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn

Lẹ́tà tó wọlé lórí GPS láàárín oṣù méjì yìí pọ̀ débi pé mo ní láti ya gbogbo ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ọdún mẹ́sàn-án wà kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní báyìí, èmi ni mo máa ń bá àwọn awakọ̀ de ẹ̀rọ mọ́ inú ọkọ̀ wọn. Ohun tójú mi rí nídìí iṣẹ́ méjèèjì ni mo fi ń dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹrù ni mo máa ń gbé kiri fún àwọn tó bá rajà lórí ayélujára, fóònù mi ni mo sì fi ń mọ̀nà. Ó máa ń já mi sí ẹ̀yìn ilé oníbàárà, á ní mo ti dé, bẹ́ẹ̀ ògiri ni mo ń wò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra ojúlówó GPS tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ fóònù sí èyí tó ń gba oríṣiríṣi sátẹ́láìtì. Èwo ni kí n ṣe? Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò gba àṣìṣe.

Èsì: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lóru ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, oògùn tí kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú òtútù ni mo gbé lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí mi ò dé rí. Ẹ̀rọ tó wà níwájú mi ní mo ti dé. Mo yọjú, wáyà ọgbà ni mo rí. Nọ́ọ̀sì kan dúró ní òdìkejì wáyà náà, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ wa kanra. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi yí po kí n tó rí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo já ẹrù tán, mo yọ ẹ̀rọ náà lára gíláàsì, mo rìn lọ dúró sẹ́nu géètì, mo wo ojú ẹ̀. Àmì tó ń fi ibi tí mo wà hàn dúró gẹ́lẹ́ sórí géètì. GPS kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó fi ilé ìwòsàn náà sórí máàpù ló gbé e sí títì tó wà lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi pé máàpù ni ká kọ́kọ́ yàn, ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e. Sátẹ́láìtì kò mọ títì kankan, kò sì mọ ilé kankan. Òkè lọ́hùn-ún ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè ilẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé aago báyìí ló lù, ibi báyìí ni òun wà. Ẹ̀rọ ọwọ́ yín á gbọ́ tẹnu mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, á ṣírò bí ìgbì rédíò kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á wá fi ìyẹn mọ ibi tí ẹ wà. Orúkọ títì, ibi tí wọ́n ti ń yà, ọ̀nà tí wọn kì í gbà bọ̀, ẹnu géètì: gbogbo ìyẹn, inú máàpù ló ti ń wá. Níta gbangba, níbi tí nǹkan kan kò bo ojú ọ̀run, fóònù lásán sábà máa ń mọ ibi tó wà láìfi ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Mítà 5 kò gbé ènìyàn lọ sẹ́yìn ilé.

Nítorí náà, ẹ ṣe ohun tí mo ṣe lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ lọ dúró síwájú ilé oníbàárà kan tó ti fún yín ní wàhálà, kí ẹ wo fóònù. Bí àmì náà bá wà níbi tí ẹ dúró sí, ẹ̀rọ yín dára, máàpù ló ṣìnà. Ẹ wá mú àdírẹ́sì mẹ́wàá tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó: èyí tó wà nínú kọ̀rọ̀, èyí tí géètì rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, èyí tó wà ní títì tuntun. Ẹ kọ wọ́n sínú áàpù bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù tí ẹ ní yẹn. Google Maps wà níbẹ̀, HERE WeGo wà níbẹ̀, Organic Maps àti OsmAnd náà wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀kan ti dára, èkejì lè má dára níbẹ̀, torí pé orí máàpù OpenStreetMap ni àwọn méjì tó kẹ́yìn yẹn dúró lé, tàwọn tó kù sì yàtọ̀. Èyí tó bá mọ ilé tó pọ̀ jù nínú mẹ́wàá yẹn ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó béèrè irú ẹ̀rọ tó lè gbé e.

Ilé tí gbogbo wọn bá ṣì í mọ̀ ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu géètì gan-an, ẹ fi ìka tẹ ojú máàpù níbi tí àmì yín wà, kí ẹ má tètè gbé e kúrò. Á fún yín ní nọ́ńbà méjì. Ẹ tọ́jú wọn mọ́ orúkọ oníbàárà yẹn. Bí nọ́ńbà márùn-ún bá tẹ̀ lé àmì tó-tó (èyí tí wọ́n ń pè ní point) nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ka sí ibi tí kò ju mítà kan lọ. Ẹ ṣọ́ra bí ẹlòmíràn bá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí yín o: àwọn kan máa ń kọ ọ́ lọ́nà ti àtijọ́, tí wọ́n pín ìwọ̀n kan (degree) sí ọ̀nà 60. Bí ẹ bá tẹ ìyẹn wọlé bíi nọ́ńbà olójú tó-tó, ibòmíràn pátápátá ló máa gbé yín lọ. Ẹ má sì gbé èkejì ṣáájú èkíní.

Bí àyè bá sì wà, ẹ tún máàpù náà ṣe. Láti ọdún 2004 tí OpenStreetMap ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn bíi tiwa ló ń yà á, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Google Maps náà ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé ibì kan kò tọ́. Mo tún ti ilé ìwòsàn yẹn ṣe kí n tó sùn lóru ọjọ́ náà. Inú mi ṣì ń dùn sí i títí dòní pé awakọ̀ mìíràn kò ní dúró sẹ́yìn wáyà yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi sátẹ́láìtì tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe irọ́ ṣá. Amẹ́ríkà ló ni GPS, Rọ́ṣíà ní GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ń gba gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí tiyín náà wà lára wọn. Àárín ilé gogoro ni èyí ti wúlò jù, torí ìgbì rédíò máa ń kọlu ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, á pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á wá rò pé títì kejì lẹ wà. Bó bá jẹ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wá fóònù tí wọ́n kọ L1 àti L5 sára ìwé rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìgbì oríṣi méjì ló ń gbà, èyí sì ń jẹ́ kó dá ohùn sátẹ́láìtì mọ̀ yàtọ̀ sí ìró tó ta padà lára ògiri.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí, mo sì máa ń wakọ̀ lọ síbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní GPS kò lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Mo ní táblẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣé mo lè lò ó?

Èsì: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣì í. GPS kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́, bí rédíò ṣe ń gbọ́ ìròyìn. Máàpù ló ń jẹ dátà. Ẹ gbé máàpù sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó kúrò nílé, ó parí. Organic Maps àti OsmAnd kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ọ̀nà bí máàpù bá ti wọlé. Google Maps náà á gbà kí ẹ tọ́jú agbègbè kan pamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ló máa fi hàn yín láìsí dátà, kò ní sọ ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ dọ̀tun látìgbàdégbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pa rẹ́. Áàpù Waze ní tiẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń jẹun. Ẹ má gbára lé e níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Nǹkan kan wà tó máa ń já àwọn èèyàn láyà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, fóònù máa ń ti ibẹ̀ gbọ́ ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà, kíá ló sì máa ń mọ ibi tó wà. Níbi tí kò bá sí, ẹnu sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló ti máa gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń sọ ọ́: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjìlá àtààbọ̀ fún àkójọ gbogbo wọn. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ẹ ti pa tipẹ́, ẹ dúró sójú kan níta gbangba kí ẹ fún un láyè. Ẹ má máa wakọ̀ lọ lábẹ́ igi kí ẹ sì máa bínú sí i.

Ní ti táblẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ojú síìmù. iPad tó jẹ́ Wi-Fi nìkan kò ní GPS nínú rárá, ọ̀pọ̀ táblẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò ní síìmù sì rí bẹ́ẹ̀. Á mọ ibi tẹ́ ẹ wà nílé nítorí Wi-Fi, ẹ óò sì rò pé ó dáa, àfìgbà tẹ́ ẹ bá dé ojú ọ̀nà. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè ra GPS kékeré tó ń fi Bluetooth bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé irú táblẹ́ẹ̀tì yín wà lára èyí tó ń bá ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Tírélà ni mò ń wà. Áàpù tí ọmọ mi fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kékeré ni mo ń lò, ó sì ń ṣe dáadáa. Ṣé ìdí wà tí mo fi gbọ́dọ̀ san owó fún ti ọkọ̀ ńlá?

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bẹ̀ yín. Ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé áàpù ọkọ̀ kékeré wọ abẹ́ afárá kan. Ó jáde láàyè, àmọ́ orí tírélà rẹ̀ ṣí bí ìdérí agolo, kò sì tún wa ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Áàpù yẹn kò ṣìnà lójú ara rẹ̀: kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkọ̀ gíga ló ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni èyí tó máa béèrè gíga, gígùn àti ìwúwo ọkọ̀ yín kó tó fọ̀nà hàn yín. Iléeṣẹ́ Garmin ń ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ dēzl fún irú yín, iléeṣẹ́ Sygic ní áàpù tiẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, OsmAnd náà ní ibi tí ẹ ti lè yan ọkọ̀ ńlá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú afárá kúkúrú kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ sọ fún un pé ìsàlẹ̀ afárá náà lẹ fẹ́ gbà. Bó bá darí yín gba ibẹ̀, afárá yẹn kò sí lórí máàpù rẹ̀, àwọn mìíràn lè má sí níbẹ̀ náà. Ẹ fi téèpù wọn gíga ọkọ̀ yín fúnra yín, níbi tó ga jù, kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀ àti nígbà tí kò sí, torí pé bí ẹrù bá bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ lè gbéra sókè. Èyí tó ga jù ni kí ẹ kọ sínú ẹ̀rọ. Bí ohun tí wọ́n kọ sára afárá bá sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ wí, ti ara afárá ni kí ẹ gbà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní GPS rẹ̀ àtijọ́. Ó ń mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ọdún tó ń gbé jáde kò tọ́ rárá.

Èsì: GPS máa ń ka ọ̀sẹ̀. Bó bá ka 1,024, á padà sí òdo. Ó padà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ṣì ń fi àtúnṣe síta fún un, ẹ gbé e sínú rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é mọ́, ó ṣeé ṣe kí máàpù inú rẹ̀ náà ti gbó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ lo fóònù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́sàn-án fóònù mi máa ń gbóná lórí dáṣíbọ́ọ̀dù títí yóò fi kú. Nígbà míì tí mo bá sì ki ṣájà bọ̀ ọ́, á ní òun kò rí sátẹ́láìtì mọ́.

Èsì: Nǹkan méjì nìyẹn. Apple ní ibi tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí á ti máa lo iPhone, ẹ̀yìn gíláàsì tí oòrùn ń pa sì máa ń kọjá ìyẹn fíìfíì. Ẹ ra ohun tó ń gbé fóònù dúró síwájú ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń jáde nínú ọkọ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ máa ń fara da ooru ju fóònù lọ, ìdí kan ṣoṣo nìyẹn tí mo ṣì fi ń gba ẹni tó ń wakọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nímọ̀ràn pé kó ra ọ̀kan.

Ní ti ṣájà, àwọn tí wọn kò ṣe dáadáa máa ń pariwo lójú ìgbì rédíò, ohùn sátẹ́láìtì kò sì lágbára rárá nígbà tó bá fi dé ilẹ̀. Ẹ dá ọkọ̀ dúró níta gbangba, ẹ ṣí áàpù, ẹ yọ ṣájà. Bí àmì yín bá padà lọ́gán, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà, bó bá tún sọnù, ṣájà ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá padà, ẹ gbé fóònù jáde kúrò nínú ọkọ̀. Bó bá wá rí sátẹ́láìtì níta, irin tín-ín-rín wà nínú gíláàsì iwájú yín. Wọ́n sábà máa ń fi àyè kékeré kan sílẹ̀ níbi tí jígí ìwòyìn wà tí irin kò dé. Ẹ gbìyànjú ibẹ̀.