Ṣé ọ̀tẹ̀ ni kéèyàn bèèrè pé "níbo ló wà nínú Bíbélì"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú kọ́áyà ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pásítọ̀ wa kéde pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbààwẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ẹtì, pé ẹni tí ò bá gbà á ò ní dé ọ̀run. Mo wá bi wọ́n níwájú gbogbo wa pé sà, níbo ló wà nínú Bíbélì, ni wọ́n bá ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló wà lára mi, pé ṣé mi ò ka "ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi" ni. Látọjọ́ yẹn wọn ò jẹ́ kí n kọrin mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ìbéèrè yín ò lẹ́ṣẹ̀ nínú. Nǹkan méjì ni pásítọ̀ yín lọ̀ pọ̀. Ààwẹ̀ dáa, Jésù fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú Mátíù 6, ìjọ sì lè mú ọjọ́ kan fún un bí wọ́n ṣe ń mú aago tí ìsìn máa bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ "ẹni tí ò bá gbà á ò ní dé ọ̀run", ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ètò, ọ̀rọ̀ ìgbàlà ló dà yẹn, ibẹ̀ gan-an làwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ìyẹn àwọn ìjọ tó yapa kúrò lára Kátólíìkì, ti ń fa ìlà látijọ́. Ẹ wo Ìlànà Ìgbàgbọ́ 39 ti ìjọ Áńgílíkà, ti 1571, ìkẹfà nínú ẹ̀ ní ohun tí a ò bá kà nínú Ìwé Mímọ́, tí a ò sì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ látibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan fún ìgbàlà. Ìlànà ogún nínú ẹ̀ wá fún ìjọ láṣẹ lórí ètò ìsìn o, kó ṣáà má ta ko ohun tí a kọ.

Ẹ ṣí Sáàmù 105, ibẹ̀ ni "ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi" ti wá, kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 15, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 12. Àwọn Ábúráhámù ni wọ́n ń sọ, wọn ò pọ̀, àlejò ni wọ́n, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, Ọlọ́run wá ń kìlọ̀ fáwọn ọba pé kí wọ́n má pa wọ́n lára. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ta ni ọba, ta ni àlejò?

Àwọn ará Bèróà nínú Ìṣe 17, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá òótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, Pọ́ọ̀lù o, àpọ́sítélì! Ìyìn ni Bíbélì fi ṣe fún wọn, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n ní kọ́áyà. Martin Luther náà, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, nígbà tí wọ́n ní kó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ ní ìlú Worms ní Jámánì lọ́dún 1521, ó ní àfi tí wọ́n bá fi Ìwé Mímọ́ tàbí làákàyè tó dájú hàn án pé òun ṣìnà, torí póòpù àtàwọn ìgbìmọ̀ ti ṣàṣìṣe rí.

Bẹ́ ẹ ṣe bi wọ́n níwájú gbogbo èèyàn nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Tímótì Kìíní 5 ní ká gba àgbà níyànjú bíi baba, Bíbélì kan náà ló de pásítọ̀ tó sì de ẹ̀yin náà. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ̀yin nìkan, ẹ ṣí Sáàmù yẹn, kẹ́ ẹ jọ kà á láti ẹsẹ 12.

ÌBÉÈRÈ: Tó bá jẹ́ Bíbélì ló láṣẹ jù, ṣé kí kálukú kàn máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ rántí ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe 8, ó ń ka Àìsáyà 53, kò yé e, kò sì tijú, ó ní báwo ló ṣe fẹ́ yé òun láìsí ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà, ló bá ní kí Fílípì ajíhìnrere gòkè wá jókòó ti òun nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Fílípì ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ní kó pa á dé kóun wá sọ ìran tóun rí, ibi tó ń kà yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.